Pulọ́ọ̀tì Tó Kẹ́yìn sí Odò Àlà

ÌBÉÈRÈ: Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ọba-Ilé níbí, ọkọ mi sì ń wa ọkọ̀ èrò. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti ń gbé ilé àyágbé, yàrá méjì, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Nínú oṣù kejì, àwọn kan mú wa lọ wo ẹ̀sítéètì tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí etí odò Àlà. Wọ́n fún wa ní ìwé aláwòrán tó ń dán: títì ọ̀dà, iná ojú títì, ilé ìwé, àti ibi ìnajú létí omi tí àwọn ọmọdé ti ń gun kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, atẹ́gùn rẹ̀ sì tù wá lára. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo fi san ìdá kan nínú mẹ́ta. Pulọ́ọ̀tì wa kẹ́yìn sí omi. Wọ́n ní òun ló dára jù, wọ́n tilẹ̀ fowó lé e. Ọkọ mi ní kí n tètè san ìyókù kí owó ilẹ̀ tó lọ sókè. Ìyá ọkọ mi ní òun ò ní sùn mọ́jú níbẹ̀ láé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Ìyá Ìbejì, Ọba-Ilé, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú làálàá ọmọ. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ lé e. Mi ò ní kí ẹ má ra ilẹ̀ ní ẹ̀sítéètì náà o. Pulọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn sí omi yẹn ni mò ń bá wí.

Oṣù kejì ni wọ́n mú yín lọ. Ta ni kò ní fẹ́ràn etí odò nínú oṣù kejì? Omi ti fà, ilẹ̀ ti gbẹ, oko ẹ̀fọ́ sì tutù yọ̀yọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀fọ́ yẹn gan-an ló yẹ kó ta yín lólobó. Kí ni àwọn bàbá wa ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àkùrọ̀. Ẹni tó ń dá àkùrọ̀ mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan lòun ní in. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, odò á wá gba nǹkan rẹ̀.

Ẹ padà lọ ní Sátidé kan, ẹ má sọ fún àwọn tó ń tà á. Ẹ ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń bomi rin oko níbẹ̀, kí ẹ wá rọra bi wọ́n pé, “Ìyá, oṣù wo lẹ máa ń kó kúrò ńbí? Ibo lomi máa ń dé?” Wọ́n á nawọ́ sí ara igi kan fún yín. Ẹ fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ìdí igi náà dé òkúta tí awọnlẹ̀ rì mọ́ pulọ́ọ̀tì yín. Ẹ wòkè pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti àkísà tó há sáàárín ẹ̀ka, omi ló gbé wọn débẹ̀. Bí ògùrọ̀ bá sì hù nítòsí, ilẹ̀ náà ti sọ tẹnu rẹ̀.

Àárín Àkúrẹ́ ni odò Àlà gbà kọjá kó tó lọ bá Ọ̀gbẹsẹ̀. Gbogbo òrùlé àti gbogbo àgbàlá tí a da kọnkéré sí ló ń darí omi òjò sínú rẹ̀, omi tí ilẹ̀ ì bá fà mu nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Nítorí náà, ibi tí omi ń dé nígbà tí ìyá ọkọ yín wà lọ́mọge, ó lè kọjá rẹ̀ dáadáa lónìí. Bí ìdọ̀tí bá tún dí ẹnu kọ́lífáàtì, omi á wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Íbàdàn nígbà tí odò Ògùnpa kún lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Nígbà tí omi fà, mo rí mọ́tò tó dojú dé lórí ara wọn, mo rí ìpìlẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ́ àwọn ilé yẹn náwó sí wọn. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ló gbé mi dédìí iṣẹ́ ìṣètò ìlú, ọdún 27 ni mo sì lò níbẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì.

Mo fẹ́ràn ẹ̀sítéètì tí wọ́n fara balẹ̀ ṣètò, mo sì fẹ́ kí Àkúrẹ́ ní i sí i: kí wọ́n ti la títì, kí wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà, kí wọ́n ti ya ilẹ̀ ilé ìwé sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kó búlọ́ọ̀kù dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn àwòrán kan máa ń dé orí tábìlì mi tí wọ́n fa odò sínú wọn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì sì tò títí tó fi kan okùn náà. A máa ń dá wọn padà ni. Àwòrán tó dára máa ń fi etí odò sílẹ̀ fún igi, koríko àti pápá bọ́ọ̀lù. Bí omi bá gun pápá lóru, á fà, àwọn ọmọ á tún máa gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ tún ìwé aláwòrán yín wò dáadáa: ibi ìnajú létí omi tí wọ́n yà sínú rẹ̀, níbo ló máa wà bí pulọ́ọ̀tì yín bá kẹ́yìn sí omi? Méjèèjì ò lè wà lójú kan náà.

Ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán gbogbo ẹ̀sítéètì tí ìjọba lù lóńtẹ̀ hàn yín. Wọ́n lè na ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C of O sí yín. Ó dára, ẹ gbà á wò. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìtọ́jú gómìnà, ìwé yẹn sì ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀. Kò sọ pé omi ò ní wọ ibẹ̀. Bí ẹ̀sítéètì náà bá tó hẹ́kítà 50, ìyẹn bí éékà 124, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1992 ní wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí àyíká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò náà.

Ẹ tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, iye ẹsẹ̀ bàtà tí ilé gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí odò. Ká ní pulọ́ọ̀tì yín jẹ́ 60 lọ́nà 120, tí wọ́n wá yọ 50 nínú gígùn rẹ̀, 70 ló kù. Ẹ ò tíì yọ ti iwájú títì, ẹ ò tíì gbẹ́ kànga, ẹ ò tíì gbẹ́ sókàwéè. Omi ò sì jìnnà sílẹ̀ nínú àkùrọ̀: sókàwéè kì í fà, ohun tó wà nínú rẹ̀ á wá kànga lọ. Ọmọ mẹ́rin ló máa mu omi yẹn.

Bí àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá ti sọ fún yín pé omi ń débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní pulọ́ọ̀tì lókè, lẹ́bàá títì, kí wọ́n sì yọ owó tí wọ́n fi lé e. Kí nọ́ńbà tuntun náà wà lójú rìsíìtì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gba owó yín padà. Gbèsè ẹgbẹ́ wà lọ́rùn yín. Ọkọ yín kò ṣì sọ, owó ilẹ̀ á lọ sókè lóòótọ́. Kó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé gbogbo yín lọ ní Sátidé yẹn. Ẹ mú ìyá rẹ̀ dání, ẹ jẹ́ kí òun àti àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ jọ jókòó sọ̀rọ̀.