Ìyàtọ̀ wo ló wà láàrin "measure", "estimate" àti "reassess"?

"Measure" ni kéèyàn wọn nǹkan kó lè mọ bó ṣe tó gan-an, "estimate" ni kó fojú bù ú, "reassess" sì ni kó tún gbé ohun tó ti ṣírò tẹ́lẹ̀ yẹ̀ wò.

Bí aláṣọ ní Balógun bá na léèsì mọ́ ọ̀pá ìwọ̀n, tó ń kà á ní yáàdì kọ̀ọ̀kan, íǹṣì 36 sí yáàdì 1, ó ń "measure". Bó bá kàn wò yín látòkè délẹ̀, tó ní "Yáàdì márùn-ún á tó yín, mà," "estimate" nìyẹn. Ará Èkó ò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí, bílì iná ti kọ́ wa: ilé tí kò bá ní mítà, "estimated bill" ni wọ́n ń gbé fún un, torí kò sí ohun tó ka iye iná tó lò.

"Reassess" kì í ṣe wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, "remeasure" nìyẹn. Mẹkáníìkì tó ti dá owó lé iṣẹ́, tó wá tú ẹ́ńjìnnì tán, tó rí i pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, tó sì ní ká jọ tún owó ọ̀hún sọ, òun ló ń "reassess".

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ wọ́n ni "gauge", àmọ́ òun ò dúró sójú kan: ó lè jẹ́ kéèyàn fi irinṣẹ́ wọn nǹkan, ó sì lè jẹ́ kó fojú bù ú.