Ta Ni Yóò Máa Ka Àròkọ Ọmọ Yín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 15, ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé lọ́dọ̀ èmi àti bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti parí JSS 3, ó sì yẹ kí ó ṣe ìdánwò WAEC lọ́dún tí ń bọ̀. Ó fẹ́ràn ìwé kíkà, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì ojú ewé ni yóò kọ tí yóò ní ó ti tán. Bàbá rẹ̀ a máa fi bírò pupa tún gbogbo rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ kò gùn sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú wa: ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan láti Amẹ́ríkà tí a ó fi dọ́là san, kíláàsì ọjọ́ Sátidé ní ilé lẹ́sìnnì kan ní Yábàá, àti olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì tí yóò máa wá sílé. Èwo ni kí a mú? Mo fi àròkọ tí ó kọ nípa òjò sínú lẹ́tà yìí. — Ìyá ọlọ́mọ, Súrùlérè.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí bírò pupa bàbá, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wà. Máàkì 50 ni WAEC yà sọ́tọ̀ fún àròkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún bí a ṣe tò ó, 20 fún bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lo èdè láti gbé èrò rẹ̀ jáde, 10 tí ó kù sì jẹ́ ti gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìdánudúró. Iṣẹ́ bàbá dára, ṣùgbọ́n 10 ìkẹyìn yìí nìkan ni ó ń lé kiri, ọmọ tí ó bá sì rí i pé gbogbo gbólóhùn tí òun kọ ni yóò pọ́n, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa kọ ìwọ̀nba díẹ̀. Àròkọ tí kò dín ní 450 ọ̀rọ̀ ni ìdánwò náà ń béèrè, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 50.

Mo ka àròkọ òjò náà. Nígbà tí ó dé Ojúẹ́lẹ́gbà, ohun tí ó kọ, bí mo bá tú u sí Yorùbá, ni pé: "Òjò rọ̀ púpọ̀, omi kún ojú ọ̀nà, a sì pẹ́ kí a tó délé." Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀ tí bírò pupa lè rí mú. Olùkọ́ tí ó tó owó rẹ̀ gbà yóò fi ìka sí "omi kún ojú ọ̀nà", yóò sì bi í pé: omi náà mu yín dé ibo, dé ọrùn ẹsẹ̀ ni àbí dé orúnkún? Ṣé dáńfó tí ẹ wọ̀ dúró ni, àbí ó ṣẹ́rí padà? Kí ni kọ̀ńdọ́ ń wí nígbà tí àwọn èrò ní àwọn kò ní sọ̀kalẹ̀? Yóò ní kí ọmọ lọ tún ìpínrọ̀ náà kọ, yóò sì kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ẹ fẹ́ sanwó fún.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi àròkọ kan tí ó ti máàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn hàn yín, kí ó bo orúkọ ọmọ náà mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí ó kọ "ó dára, 7 nínú 10" sí ìsàlẹ̀ tí kò sì sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ dìde.

Ní ti ilé lẹ́sìnnì Yábàá, ẹ béèrè bóyá JAMB ni wọ́n ń múra ọmọ sílẹ̀ fún. Ìbéèrè 60 ni JAMB ń bèèrè lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí àròkọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè iye ọmọ tí ó wà ní kíláàsì pẹ̀lú, nítorí olùkọ́ kan kò lè ka àròkọ 40 dáadáa láti Sátidé kan sí èkejì. Òótọ́ ni pé ọmọ tí ń dá kàwé nílé nílò ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròkọ.

Ti Amẹ́ríkà, bí ó bá jẹ́ fídíò lásán ni, ẹ má ṣe é. Bí ó bá jẹ́ kíláàsì ojúkojú, ẹ wo aago: agogo méje alẹ́ ní New York lè jẹ́ agogo méjìlá òru tàbí agogo kan òru ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí àsìkò ọdún bá ṣe rí.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni èmi yóò mú, bí kò bá ṣe ẹni tí ń fún ọmọ ní àròkọ àpẹẹrẹ kó kọ́ ọ sórí. Ẹ gbà á fún oṣù kan ná. Kí ó má yan ju àròkọ kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọmọ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí bàbá sì fi bírò rẹ̀ dúró de èyí tí ó gbẹ̀yìn. Bí Yorùbá bá ni ẹ ń sọ nílé, kí ọmọ sọ ìtàn náà fún yín lẹ́nu lódindi kí ó tó mú bírò.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò béèrè: ọmọ tí kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ ń forúkọ sílẹ̀ fún WAEC gẹ́gẹ́ bí aládàáni, nínú ìdánwò tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń pè ní GCE. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń wáyé lọ́dún, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èkejì ní ìdajì kejì. Ẹ yan èyí tí yóò ṣe kí ẹ tó bá olùkọ́ dúnàádúrà, nítorí bí ó bá jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni, ọjọ́ tí ó kù kò pọ̀, owó oṣù mélòó ni ẹ ó san yóò sì yàtọ̀.