Ẹ Dá Ìrọ̀rí Yín Padà Sórí Bẹ́ẹ̀dì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ọrùn ti ń dùn mí, apá òsì ló pọ̀ sí. Lójú ọ̀sán mo lè fara dà á, àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìyọnu dé nìyẹn. Mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún, oorun ò kùn mí. Tí n bá sì rí i sùn, ńṣe ni ọrùn máa gan pọnpọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa eegun sọ fún mi pé eegun ọrùn mi ló yẹ̀, pé ìrọ̀rí ló mú un yẹ̀. Ó ní kí n jù ú nù, kí n máa sùn sórí ilẹ̀ líle láìgbé orí lé nǹkan kan, kí eegun lè tò padà. Mo ti ṣe é fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìrora ń pọ̀ sí i ni. Ṣé kí n ṣì ní sùúrù ni, àbí kí n wá owó ra ìrọ̀rí pàtàkì tí wọ́n ń polówó fún ọrùn dídùn?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n yọ orúkọ kan kúrò lọ́rùn ara mi: èmi kì í ṣe dókítà. Físíò ni mí. Àwa la máa ń fi ọwọ́ àti eré ìmárale tọ́jú iṣan àti oríkèé. Oògùn kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ wa. Ó dáa kéèyàn mọ ẹni tó ń gba òun nímọ̀ràn, torí nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mi ò rí ibi tẹ́ ẹ ti sọ iṣẹ́ tí ẹni tó mọ̀ nípa eegun yìí kọ́.

Ìdáhùn tó yá jù rèé: ẹ má ní sùúrù kankan sí i. Lálẹ́ òní, ẹ gbéra nílẹ̀, ẹ dá ìrọ̀rí yín padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi láìmọye ìgbà, ó sì ti ń bí mi nínú, torí náà ẹ má bínú tí ohùn mi bá le díẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ eegun kúrò nílẹ̀ ná. Eegun méje ló wà ní ọrùn. Oríkèé, àwọn tìmùtìmù kéékèèké tó wà láàárín eegun, àti okùn tó yi dáadáa ló so wọ́n pọ̀. Ìrọ̀rí ò lágbára tó lè ti ọ̀kan nínú wọn kúrò nípò, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ líle ò lè tì í padà. Jàǹbá ọkọ̀ lè mú eegun ọrùn yẹ̀, ìṣubú láti ibi gíga lè mú un yẹ̀, àrùn oríkèé tó le náà sì lè sọ okùn rẹ̀ di ẹlẹgẹ́ lára àwọn díẹ̀. Ẹni tí jàǹbá bá yẹ eegun ọrùn rẹ̀ kì í sábà jókòó kọ lẹ́tà, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń sáré gbé e lọ. Tiyín, mi ò tíì fọwọ́ kàn án, mi ò sì ní búra. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí iṣan kan fà, tàbí kí ọ̀kan nínú àwọn oríkèé kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ọrùn wú díẹ̀, kí iṣan tó yí i ká wá gan láti dáàbò bò ó. Ọ̀pọ̀ irú èyí ló máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí èèyàn ò bá ń lọ dá a lóró lálaalẹ́.

Ó wá ku ìrọ̀rí. Ẹ dìde báyìí, ẹ lọ bá ògiri. Ẹ fi èjìká kan tì í, ẹ dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ wo iwájú. Ẹ fi ọwọ́ kejì wọn àlàfo tó wà láàárín etí yín àti ògiri. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, àtẹ́lẹwọ́ kan ní ìbú á wọ ibẹ̀, àyè á sì tún ṣẹ́ kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ògiri yẹn ló di bẹ́ẹ̀dì yín, àlàfo yẹn sì ni ìrọ̀rí wà fún. Tẹ́ ẹ bá yọ ìrọ̀rí, àlàfo ò bá a lọ. Orí ló máa wó sínú rẹ̀, orí àgbàlagbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ike omi lítà 5. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn tó wà lókè á máa fà, èyí tó wà nísàlẹ̀ á máa ká, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ti orí ilẹ̀ ló tiẹ̀ wá burú jù. Lórí fóòmù, èjìká máa ń rì díẹ̀, àlàfo á sì dín kù. Ilẹ̀ ò mọ èjìká ẹnì kankan. Torí náà, ìgbà tó yẹ kí ìrọ̀rí yín ga sí i gan-an ni wọ́n ní kẹ́ ẹ jù ú nù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ṣì lágbára láti kọ lẹ́tà.

Bàbá kan wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan, ó ní òun ti tó oṣù mẹ́ta tóun ò ti lo ìrọ̀rí mọ́, pé ọrùn òun ti ń gbádùn, ìka ọwọ́ ọ̀tún ló kàn máa ń kú tipiri ní ìdájí. Mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò bí wọ́n ṣe máa ń sùn nílé. Mi ò tíì kọ orúkọ wọn tán tí apá ọ̀tún fi ká wọ abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, "Bàbá, ìrọ̀rí rèé." Wọ́n ní, "Rárá o, apá mi ni." Mo ní kí wọ́n fà á yọ kí wọ́n tún sùn. Ojú wọn pa dé díẹ̀, apá tún padà síbẹ̀, wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun ti jáwọ́ nínú ìrọ̀rí, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ara kì í gbà kí orí wó, ohun tó bá rí ló máa fi gbé e. Ẹ wo apá tiyín náà lọ́la tẹ́ ẹ bá jí.

Àwọn kan á ní àwọn ará ìgbàanì ò mọ ìrọ̀rí, ọrùn wọn sì le koko. Ta ló sọ fún wọn? Nínú ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì ayé àtijọ́, tí wọ́n rí lọ́dún 1922, ohun ìgbórílé wà lára ẹrù tí wọ́n sin mọ́ ọn, ó sì ju ẹyọ kan lọ.

Mo mọ ibi tí irọ́ yìí ti gbé aṣọ òótọ́ wọ̀. Ẹni tó bá ń dojú bolẹ̀ sùn, ìrọ̀rí tó nípọn máa ń tẹ ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá yọ ọ́, ara máa tù ú, á wá rò pé ìrọ̀rí ló ń pa gbogbo ayé. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ìrọ̀rí pẹlẹbẹ tàbí kó má sí rárá dáa fún yín, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdojúbolẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ìṣòro, torí èèyàn ò lè mí àfi kó yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ yí ojú yín sápá ọ̀tún báyìí, bí ọrùn bá ṣe lè yí tó láìsí ìrora, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ò ní lè ṣe é, ẹ sì fẹ́ kí ọrùn ṣe é fún wákàtí mẹ́fà. Ìdí kejì ni àwọn tó ń to ìrọ̀rí méjì mẹ́ta lórí ara wọn, tí wọ́n á wá fẹ̀yìn lélẹ̀, tí àgbọ̀n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà bí ẹni ń ka ìwé. Ìyẹn náà ń mú ọrùn dùn. Ẹ mú ọ̀kan kúrò, ó tán.

Ní ti ìrọ̀rí pàtàkì tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ fi owó yín sápò ná. Kò sí ìrọ̀rí kan tó bá gbogbo ọrùn mu, kò sì sí èyí tó ń wo ọrùn sàn. Ọ̀rọ̀ gíga ni, aṣọ ìnura sì lè yanjú rẹ̀. Ẹ ká aṣọ ìnura sí méjì tàbí mẹ́rin, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sínú àpò ìrọ̀rí, sábẹ́ ìrọ̀rí gan-an. Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹnì kan nínú ilé dúró níwájú yín kó wò ó bóyá imú yín àti àárín àyà yín wà lórí ìlà kan. Tí orí bá tẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́po kan kún un. Tó bá tẹ̀ sókè, ẹ yọ ọ̀kan. Kí ìrọ̀rí wọlé dáadáa títí dé kòtò ọrùn, kí èjìká sì wà lórí fóòmù, kó má gun ìrọ̀rí. Mo máa ń rí i tí wọ́n ń fi èjìká gun ún, tí wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ gbá nǹkan kan mọ́ra níwájú, kí apá òkè má bàa máa wọ́ ọrùn lọ sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn lẹ fi ń sùn, ìrọ̀rí tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ló yẹ yín, pẹ̀lú aṣọ ìnura kékeré tẹ́ ẹ ká roboto sábẹ́ kòtò ọrùn. Ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó ní kò ṣe nǹkan kan, ẹ má sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Tí fóòmù yín bá ti jìn kòtò láàárín, ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá owó fún.

Àwọn nǹkan tó kù ò pọ̀. Ẹ fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sórí ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kẹ́ ẹ tó sùn, àmọ́ ẹ gbé e kúrò kí oorun tó gbé yín lọ, mo ti rí awọ tó bó. Lọ́sàn-án, ẹ máa yí ọrùn jẹ́jẹ́ dé ibi tó bá lè dé. Ẹ má lọ fi kọ́là, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi de ọrùn kó má bàa yí, dè é, iṣan tí kò ṣiṣẹ́ ń dẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ má gbé orí sókè tààrà: ẹ kọ́kọ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ ti ara yín dìde. Àìsùn fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ìrora dà bíi pé ó le sí i, torí náà òru kan tẹ́ ẹ bá rí sùn dáadáa ti jẹ́ ara ìtọ́jú. Ní ti oògùn, apòògùn ni kẹ́ ẹ bi. Àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ lo parasitámọ́ọ̀lù ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24, ìyẹn hóró mẹ́jọ ti mílígíráàmù 500, ti ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu sì gbọ́dọ̀ kéré sí i. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín tàbí oyún nínú, kó má dá oògùn ìrora tí wọ́n ń pè ní ibuprofen gbé mì.

Ẹ ò sọ bóyá ẹni yẹn ti gbá yín lórí mú, kó wá yí ọrùn yín kó dún pà. Tí kò bá tíì ṣe é, ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Ohun tó dún yẹn kì í ṣe eegun tó padà sáyè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi oríkèé ló ń dún. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló ń gba inú àwọn eegun ọrùn lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ, ìyípo òjijì sì lè ya ọ̀kan. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lè ní rọpárọsẹ̀. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà pàápàá á béèrè ìbéèrè púpọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má dúró dé ìrọ̀rí kankan, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ tó bá jẹ́ pé ìrora yìí bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú tàbí jàǹbá. Tí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tí àgbọ̀n ò lè kan àyà, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń dun ojú. Tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí dídí bọ́tìnì ń nira, tí ẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń bọ́ lọ́wọ́ yín. Tí òòyì ń kọ́ yín, tí ẹ ń rí nǹkan ní méjì tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu. Tí àyà ń dùn yín mọ́ ọn. Tàbí tẹ́ ẹ bá ń rù láìnídìí, tí ìrora ò sì dẹwọ́ bó ti wù kẹ́ ẹ sùn. Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, àmọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì sí i bá kọjá láìsí ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí físíò tó wà nítòsí yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo kọ síbí yìí ò lè rọ́pò ìyẹn.

Ohun kan ṣì kù tẹ́ ẹ ò mẹ́nu bà: ṣé ìrora yẹn ń sọ̀ kalẹ̀ sí apá òsì, àbí ọrùn nìkan ló mọ? Tó bá ń sọ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé àtàrí fún ìṣẹ́jú kan. Tí apá bá fúyẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí apá ni nǹkan ń tẹ̀ lọ́rùn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.