Ìtumọ̀ mélòó ni "set" ní gan-an?

Ìyá kan ní Kàbbà béèrè ìdí tí ìtumọ̀ "set" fi ń yí padà nínú ìwé ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS2.

Òkun o, mà. Ìtumọ̀ rẹ̀ lé ní 400 nínú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford tí wọ́n tẹ̀ ní 1989. "Run" ti wá gba ipò iwájú lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí pẹ̀lú 645.

Ọ̀rọ̀ méjì ló pàdé nínú "set". Ọ̀kan ni "settan" ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tó túmọ̀ sí kí a mú nǹkan jókòó. Ibẹ̀ ni gbígbé nǹkan kalẹ̀ ti wá, àti kí oòrùn wọ̀, àti kí sìmẹ́ǹtì dì. (Àwọn bíríkìlà wa kúkú ń sọ pé "ó ti sẹ́ẹ̀tì", ìyẹn ò ṣàjèjì ní ìpínlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Obajana wà.) Èkejì gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wọlé, láti inú "secta" ti Látìnì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọlẹ́yìn. Òun ló wà nínú "sẹ́ẹ̀tì wa nílé ìwé" àti sẹ́ẹ̀tì ìkòkò.

Kí ọmọ náà máa wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e: "set off" ni kí a gbéra, "set up" ni kí a dá nǹkan sílẹ̀. "Dá" tiwa náà ń kọ́? Dáná, dájọ́, dáko, dágbére.