Páálí ló ní nọ́ńbà NAFDAC, kì í ṣe àyà àǹtí yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Apòògùn. Iléṣà ni mo wà. Dókítà kọ amiodarone fún màmá mi torí ọkàn wọn tó ń lù ségesège. Àbúrò wọn ní ọkàn òun náà ń sáré lóru, wọ́n sì fẹ́ ra irú rẹ̀ ní kẹ́míìsì. Mo rí nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀. Kò léwu nìyẹn, àbí?

Ìdáhùn: Ẹ ní kí àǹtí yín fi owó wọn sápò. Ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀, àmọ́ irú ìbéèrè yìí ti ń sú mi ní Ifẹ̀ níbí.

Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé ìjọba mọ oògùn náà, wọ́n sì gbà kí wọ́n máa tà á fún àìsàn kan pàtó. Kò sọ pé kò lè pani lára. Ẹ tilẹ̀ wo ara ìgò àgbo tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò, tí wọ́n ní ó ń wo ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹ̀díjẹ̀dí pọ̀: ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Nọ́ńbà sì wà níbẹ̀ o!

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí amiodarone ní 1985, yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn tó ń lù lódì débi tó lè pani ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Àwọn dókítà ń lò ó fún ségesège mìíràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ò kúrò lára aláìsàn. Ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Hóró kan tó jẹ́ míligíráàmù 200 gbé nǹkan bíi míligíráàmù 75 áyódìn dání, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀; àgbàlagbà kò nílò ju bíi míligíráàmù 0.15 lọ lóòjọ́. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ èyí tó tú tó láti da tairọ́ọ̀dù inú ọrùn rú. Bí tairọ́ọ̀dù bá sì ṣiṣẹ́ àṣejù, ọkàn á tún máa sáré. Àǹtí yín á wá fowó ra eré kún eré. Ó sì lè tó oṣù méjì kí ìdajì oògùn náà tó kúrò lára.

Flecainide àti encainide, oògùn ìlù ọkàn mìíràn, náà gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fún àwọn tí ìkọlù ọkàn ti ṣe rí, ìlù ọkàn wọn sì ń gún régé lójú ẹ̀rọ. Ní 1989, ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CAST fi wọ́n wé hóró òfìfo tí kò ní oògùn nínú. Àwọn tó ń lo oògùn gidi ló ń kú jù, ó ju ìlọ́po méjì lọ.

Kí àǹtí lọ ṣe ECG, ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé. Wesley Guild kò jìnnà sí yín. Ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ obì tí wọ́n ń jẹ lálẹ́.

Ti màmá, mi ò rí ìwé wọn, dókítà wọn ló mọ̀ jù. Kí wọ́n má ṣàdédé dá a dúró. Ẹ bi dókítà nípa àyẹ̀wò tairọ́ọ̀dù àti ẹ̀dọ̀ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí ẹ sì sọ fún un bí wọ́n bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí wọ́n bá ń wú ikọ́ gbígbẹ, tí èémí ò sì délẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà.