Kí ló dé tí wọ́n fi ń fọ́ ìkòkò pupa níbi ìsìnkú ní Íjíbítì àtijọ́?

Ọmọ tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí ní wọ́n sọ fún òun pé torí kí olè má baà rí ìkòkò jí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa fi wúrà sílẹ̀ kó wá máa jí ìkòkò amọ̀? Ẹ má máa tan àwọn ọmọ wa jẹ.

Inú orúkọ ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Desheret ni wọ́n ń pe ìkòkò yẹn, ohun pupa nìyẹn, orúkọ yẹn náà ni aṣálẹ̀ ń jẹ́. Ilẹ̀ tiwọn létí odò Náílì, Kemet ni, ilẹ̀ dúdú. Inú dúdú loúnjẹ ti ń jáde, inú pupa lọ̀tá ti ń yọ, ibẹ̀ ni Seth, òrìṣà wọn tó pa Osiris ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ti ń jọba.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n. Ẹrẹ̀ odò náà ni wọ́n ń bù, wọ́n á da koríko gígé sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kúnná, wọ́n á fọwọ́ mọ ọ́n tàbí kí wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Ẹrẹ̀ yẹn dúdú, àmọ́ irin wà nínú ẹ̀, tíná bá ti mú un tí atẹ́gùn sì ráyè wọlé, pípọ́n ló máa pọ́n. Èmi ò ní yẹsẹ̀ lórí ẹ̀: ilẹ̀ dúdú tiwọn ló wọná tó gbé àwọ̀ ọ̀tá jáde, torí àwọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, bí ẹni ń fọ́ ọ̀tá fúnra ẹ̀. Mo jókòó ti ìyá bàbá mi níbi tó ti ń sun ìkòkò, mo rí amọ̀ tó ṣú tó wọná tó jáde ní pupa, ọmọdé ni mí, mo rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ ni. Gbogbo yín lẹ ń pa á lówe pé ìkòkò tó máa jata, ìdí ẹ̀ á gbóná, mélòó nínú yín ló ti débi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò rí? Ike ló kún ilé gbogbo wa báyìí.

Ọ̀rọ̀ fífọ́ ìkòkò pupa ti wà lára ògiri inú píráámídì ọba Unas, ó ti tó 4,300 ọdún. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi íńkì kọ orúkọ ọ̀tá sí i lára kí wọ́n tó fọ́ ọ. Ní Mirgissa, ní Sudan, nǹkan bí 200 irú ẹ̀ ni wọ́n hú jáde, fífọ́ yángá. Àwọn ọba Nubia tó wà ní gúúsù Íjíbítì, àwọn ọba Kénáánì, ọmọ Íjíbítì tó bá gbèrò ọ̀tẹ̀, kódà àlá burúkú, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kọ sára irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di àpáàdì.