Oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀, bọ́tìnì nìkan ló ń rán

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin mi ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀. Ilẹ̀ ló ń gbá, bọ́tìnì ló ń rán, ó sì ń fọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìránṣọ olóṣù mẹ́ta. Ṣé ká mú un kúrò?
Ìyá ọmọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má tíì mú un kúrò. Ìdí bọ́tìnì ni ọwọ́ ti ń mọ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù fún ìyẹn nìkan. Ó yẹ kó ti máa yí òwú sí bọ́bìnì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń gbé òwú ìsàlẹ̀ maṣíìnì, kó sì máa fi maṣíìnì rán ìlà tó gún. Orí bébà la ti ń kọ́ ọ, láìfi òwú sábẹ́rẹ́: ihò tí abẹ́rẹ́ bá lu ni yóò sọ bóyá ọwọ́ ti dúró.

Ẹ bi í léèrè: bí òwú bá ń dì gúlúgúlú lábẹ́ aṣọ, kí ló fà á? Bọ́bìnì ni ọ̀pọ̀ ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ òwú òkè ló máa ń dẹ̀ jù tàbí tí kò gba ọ̀nà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wo ló yẹ ṣífọ́ọ̀nù, èwo ló yẹ àǹkárá? Nọ́ńbà 11 àti 14. Bó bá dáhùn, ọ̀gá ń kọ́ ọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ olóṣù mẹ́ta dára fún yíya aṣọ sórí bébà. Àmọ́ ara oníbàárà la fi ń mọ aṣọ gé. Ká ní àyà jẹ́ íǹṣì 36, ìdámẹ́rin rẹ̀, tí a fi ń gé ìdajì iwájú tàbí ìdajì ẹ̀yìn, jẹ́ 9. Ẹni tó bá gé 9 géérégé ti ba aṣọ jẹ́. A ó fi ààbọ̀ íǹṣì kún un kí oníbàárà lè mí, àti íǹṣì 1 fún ojú ìránpọ̀, ó di 10½. Íǹṣì 1 yẹn la ó tú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá sanra. Síbẹ̀, ẹni tí àyà rẹ̀ tóbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ náà lè jẹ́ 36. Bí a bá pín in dọ́gba fún un, iwájú á fún, ẹ̀yìn á sọ̀. Aṣọ tí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ dá padà ló ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní èyí, lójú ọ̀gá tó ń tú u tó sì ń tún un rán.

Torí náà, ẹ lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, kí ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ọdún mélòó, oṣù wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ, ta ni yóò san owó fríìdọ́ọ̀mù. Ẹ ra yáàdì 2 aṣọ olówó pọ́ọ́kú fún ọmọ kó fi gé síkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Bí oṣù kan bá tún kọjá tí wọn ò jẹ́ kó jókòó sídìí maṣíìnì, ẹ wá ọ̀gá mìíràn fún un.